Hossein Amanat àti Ilé Gogoro Tó Ní Orúkọ Méjì

Àwọn baba wa a máa sọ pé ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé gogoro kan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Tehran, olú-ìlú ilẹ̀ Ìráànì, tí a sọ lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́jọ péré. Ọba tó ní kí a kọ́ ọ pè é ní Shahyad, èyíinì ni ìrántí ọba. Àwọn tó lé ọba náà kúrò lórí ìtẹ́ pè é ní Azadi, èyíinì ni òmìnira. Òkúta kan ṣoṣo kò yí padà lára rẹ̀ láàárín orúkọ kìíní àti èkejì. Bí orúkọ méjì tó ń bá ara wọn jà bá lè wọ ilé kan báyìí, ó yẹ kí a bèèrè irú iṣẹ́ tí ilé náà jẹ́, àti irú ọkàn tó rò ó. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe ti ilé nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tó bá gba ogún lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí ogún náà bàjẹ́ tàbí kí ó di òkú ohun sí òun lọ́wọ́.

Hossein Amanat ni orúkọ ayàwòrán-ilé náà. Ní Tehran ni a bí i ní ọdún 1942, ní Yunifásítì Tehran ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Ilẹ̀ tó bí i kì í ṣe àjèjì sí àwọn olùkàwé wa, nítorí òun ni Páṣíà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Ẹ́sírà àti Nehemáyà àti Ẹ́sítérì. Ní ọdún 1935 ni ìjọba ilẹ̀ náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn máa pè é ní Ìráànì, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti ń pè é láti ìgbà pípẹ́. Kírúsì ọba Páṣíà, ẹni tó dá àwọn Júù sílẹ̀ kúrò ní ìgbèkùn Bábílónì kí wọ́n lè padà sí ìlú wọn, ni àwọn ará Ìráànì kà sí olùdásílẹ̀ ìjọba ńlá wọn.

Nítorí Kírúsì yìí gan-an ni ilé gogoro náà fi wáyé. Ọba Mohammad Reza Pahlavi pinnu láti ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ọdún ìjọba Páṣíà, ó sì fẹ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá kan fún ìlú Tehran, ní ibi tí àlejò tó bá ti pápákọ̀ òfurufú Mehrabad dé yóò kọ́kọ́ rí i. A ṣe ìdíje láàárín àwọn ayàwòrán-ilé ní ọdún 1966. Amanat, ọmọ ọdún 24 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, ló borí. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a máa bá àgbà jẹun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni a ṣí ilé náà. A gbé wàláà amọ̀ Kírúsì, èyí tí ọba náà kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun rẹ̀ sí lẹ́yìn tó gba Bábílónì, láti British Museum ní London wá sí Tehran fún àjọ̀dún náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà fúnra rẹ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 45. A fi kọnkéré tó ní irin nínú kọ́ ọ, a sì fi òkúta mábílì funfun láti agbègbè Isfahan bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló dúró lé. Àwọn ẹsẹ̀ náà fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ìdí igi àràbà, wọ́n sì ń súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń gòkè, títí wọ́n fi di ara kan lókè. Lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Ẹni tó bá dúró ní àárín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sì gbé ojú sókè yóò rí i pé ògiri kò lọ tààrà níbì kankan. Gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń ká, ó sì ń pàdé ara rẹ̀, bí ẹni pé aṣọ ni a ká, tí kì í ṣe òkúta.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ wà nínú áàṣì méjì. Áàṣì ni àwọn bíríkìlà ń pe ẹnu-ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Áàṣì ìsàlẹ̀, tó tóbi jù, ní orí rírọ̀ tí kò ní ṣóńṣó. Ó jọ áàṣì ńlá ààfin àwọn ọba Sasani ní Ctesiphon, tí àwókù rẹ̀ ṣì wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí. Bíríkì lásán ni a fi kọ́ ti Ctesiphon, kò sí irin nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 25 láti ògiri kan dé èkejì. Bí olùkọ́ kan bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ ìdí tí kò fi wó, kí ó mú ẹ̀wọ̀n kan ní etí méjèèjì, kí ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ó ya bí ó ti tẹ̀ sórí pátákó, kí ó sì dojú àwòrán náà dé. Ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni áàṣì Ctesiphon fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ìwúwo ẹ̀wọ̀n ti ń fa ara rẹ̀ nà, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo bíríkì ń ti ara rẹ̀ lọ sí ilẹ̀.

Áàṣì kejì wà lókè èkíní. Òun kéré, orí rẹ̀ sì ní ṣóńṣó. Irú èyí ni ó gbilẹ̀ ní Páṣíà lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún keje, a sì ń rí i lára àwọn mọ́ṣáláṣí àti ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ náà. Ní àárín áàṣì méjèèjì ni Amanat ta àwọn okùn òkúta kan bí egungun ìhà, tí wọ́n ń kọjá lórí ara wọn, tí wọ́n sì gbé ojú láti ọ̀dọ̀ ìtẹ̀ rírọ̀ ti ìsàlẹ̀ lọ bá ṣóńṣó ti òkè. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá bíríkìlà Páṣíà fi ń sọ yàrá onígun mẹ́rin di òrùlé rìbìtì bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé ni ó ti kọ́ ọgbọ́n egungun yìí. Ìgbà méjì nínú ìtàn ilẹ̀ kan, tí ogun ya nípa, ni ó wà nínú áàṣì méjèèjì. Egungun ìhà wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán náà fi sọ pé ènìyàn kan náà ló la ìgbà méjèèjì kọjá.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí àwọn olùkàwé wa fara balẹ̀, nítorí ibí yìí ni ìdájọ́ wa dúró lé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà lo ogún àwọn baba rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà. Èkíní ni kí ó ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ṣe é, kí ó má yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Èkejì ni kí ó kọ́ ilé mìíràn, kí ó sì lẹ ogún náà mọ́ ọn lára bí ọ̀ṣọ́. Ẹ̀kẹta ni kí ó bèèrè ohun tí àwọn baba ń rò nígbà tí wọ́n ṣe é, kí ó sì rò ó pẹ̀lú wọn nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Tehran kan náà, ní àwọn ọdún láàárín 1930 àti 1940, a kọ́ ilé ńlá kan fún àwọn ọlọ́pàá. A ṣe òpó àti àwòrán sí i lára bí ti Persepolis, ìlú àwọn ọba àtijọ́. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí a bá ha àwọn àwòrán náà kúrò, ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá yóò ṣì dúró gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ìlú èyíkéyìí. Aṣọ àríyá ni ogún níbẹ̀. A lè bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí àríyá bá parí.

Níti ilé gogoro Amanat, a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú áàṣì ìsàlẹ̀ kúrò, kò sí ilé mọ́. Bí a bá mú egungun ìhà kúrò, òkè àti ìsàlẹ̀ kò ní ohun tí wọn yóò bá ara wọn sọ. Ogún di ara, kò di aṣọ. Síbẹ̀ kò sí ọba Sasani kankan tó lè kọ́ irú ilé yìí. Kọnkéré onírin ni ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rin lè tẹ̀ bí wọ́n ti tẹ̀ láìwó. Ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà Ove Arup láti London ni ó ṣírò bí agbára rẹ̀ yóò ti rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta mábílì ni a gé, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ara ilé ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dọ́gba, tó fi jẹ́ pé àyè kan ṣoṣo ni òkúta kọ̀ọ̀kan lè wọ̀. Ìmọ̀ tuntun kò lé ìmọ̀ àtijọ́ jáde, èyí àtijọ́ kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tuntun. Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ lẹ́nu pé àwọn ṣe, tí kò sì wọ́pọ̀ ní ojú ayé.

Iṣẹ́ aláríwísí kì í ṣe ìyìn nìkan, àléébù sì wà. Ilé náà dúró ní àárín gbàgede ńlá kan, ọkọ̀ sì ń sáré yí i ká láti òwúrọ̀ di alẹ́. Lórí ilẹ̀ gbàgede náà ni ayàwòrán ya àwọn ìlà kan tí ó fi inú òrùlé mọ́ṣáláṣí Sheikh Lotfollah ní Isfahan ṣe àwòṣe, iṣẹ́ dídára kan tí a parí ní ọdún 1619. Èrò náà jinlẹ̀, nítorí ó sọ òrùlé di ilẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ní láti la ọkọ̀ já kí ó tó dé ibẹ̀. Àwòrán náà sì hàn sí ẹni tó wà lókè ju ẹni tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ní ọ̀nà yìí, ojú ọba ni gbàgede náà fi ń wo ìlú, kì í ṣe ojú ará ìlú.

Àléébù kejì wúwo ju èyí lọ. A ti sọ pé egungun ìhà so ìgbà méjì pọ̀. Wọ́n so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá wo òkúta funfun náà kò ní mọ̀ pé ogun jà, pé ìjọba kan wó lulẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá kí àwọn ará Páṣíà tó mọ bí wọn yóò ti jẹ́ Mùsùlùmí kí wọ́n má sì pàdánù èdè àti ìwà wọn. Ọba fẹ́ ìtàn tí kò ní ọgbẹ́. Ayàwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún un ní ohun tó dára ju èyí tó bèèrè lọ, ṣùgbọ́n kò fi ojú ọgbẹ́ náà hàn.

Ọgbẹ́ náà kò pẹ́ kí ó tó fi ara rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn rìn gba ìgboro Tehran kọjá dé ẹsẹ̀ ilé gogoro yìí, wọ́n ń ké pé kí ọba lọ. Ọba lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1979. Ìjọba tuntun dé, Shahyad sì di Azadi. Níbẹ̀ ni ìbànújẹ́ ìtàn yìí wà. Ìdílé Amanat jẹ́ ẹlẹ́sìn Bahai, ẹ̀sìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Páṣíà fúnra rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba tuntun náà kò ka ẹ̀sìn yìí sí ẹ̀sìn. A lé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kúrò ní iṣẹ́, a sọ ọ̀pọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, a sì pa àwọn mìíràn. Amanat fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀, ó sì di àtìpó ní ìlú Vancouver ní Kánádà. Ilé tó sọ pé ohun méjì lè gbé pọ̀ nínú ara kan ṣì dúró ní Tehran. Ẹni tó rò ó kò rí ibi dúró sí. A kọ́ ilé náà fún ìrántí ọba tó dá àwọn ìgbèkùn padà sí ìlú wọn, ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ sì di ẹni tí kò lè padà sí ìlú tirẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ dà nílẹ̀ òkèèrè? Òwe wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àjò a máa dán ọgbọ́n wò. Méjì nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ tó fún wa láti fi ṣe ìdájọ́. Èkíní ni ilé ìgbìmọ̀ wọn lórí Òkè Kámẹ́lì ní ìlú Haifa, ní Ísírẹ́lì, tí a fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó di àtìpó, tí a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ibẹ̀, àṣẹ ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. A ti kọ́ ilé kan ní ìrísí ilé àwọn Gíríìkì àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1957, a sì fẹ́ kí àwọn ilé tó kù bá a mu. Amanat fi òkúta mábílì ilẹ̀ Gíríìsì ṣe òpó tó yí ilé náà ká, ó sì fi òrùlé rìbìtì dé e ládé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò lẹ́wà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìgbọràn àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ìbéèrè tí a gbọ́ ní Tehran. Àwọn òpó náà ń sọ ọ̀rọ̀ tí a ti sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì wà ní erékùṣù Samoa, ní àárín òkun Pàsífíìkì, nítòsí ìlú Apia. Ilé ìsìn ni, a sì yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1984 níwájú Malietoa Tanumafili Kejì, olórí ilẹ̀ náà, ẹni tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́sìn Bahai. Ilé àwọn ará Samoa a máa ní òpó àti òrùlé tó tẹ̀, kì í sì í ní ògiri, kí afẹ́fẹ́ òkun lè gba inú rẹ̀ kọjá. Amanat wo irú ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ó ti wo áàṣì Ctesiphon. Ó bèèrè ohun tó ń ṣe, kò bèèrè bí ó ti rí nìkan. Òrùlé rìbìtì ńlá ni ó ṣe sórí ilé náà, ó sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kí afẹ́fẹ́ àti ènìyàn lè wọlé. Kò gbé Páṣíà lọ lẹ̀ mọ́ Samoa. Ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ tirẹ̀ kọ́ ọ ni ó fi ka ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ní èrò tiwa, ibí yìí ni àtìpó náà ti fi hàn pé ohun tó gbé jáde ní ilé baba rẹ̀ kì í ṣe áàṣì, bí kò ṣe ọ̀nà tí a ń gbà wo áàṣì. Áàṣì kò ṣeé gbé sínú ẹrù. Ọ̀nà ìwòye ṣeé gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Èéṣe tí orúkọ méjì fi lè wọ ilé kan? Àwọn kan yóò dáhùn pé òkúta kò ní ẹnu, ohun tó bá wu ẹni tó ní agbára ni yóò pè é. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ère ọba náà pẹ̀lú jẹ́ òkúta tàbí idẹ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1979 kan náà a kò sọ ère rẹ̀ lórúkọ tuntun. A fà wọ́n lulẹ̀ káàkiri. Ère kò ní ohun mìíràn láti sọ ju orúkọ ẹni tó ṣe àpèjúwe rẹ̀ lọ. Ilé gogoro náà ní ọ̀rọ̀ tó ju ìyìn ọba lọ nínú, nítorí ayàwòrán rẹ̀ kò dúró sórí ẹni tó san owó. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ti ń tẹ áàṣì láti ayébáyé. Ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn wá, gbogbo ènìyàn a mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó kórìíra ọba fi lè kó ara wọn jọ lábẹ́ ohun tí ọba kọ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí àwọn ọmọ wọn, nígbà tí wọ́n ní ẹ̀hónú sí ìdìbò ọdún 2009, fi tún rìn lọ sí ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, tí wọ́n fi orúkọ Azadi bi àwọn tó sọ ọ́ ní Azadi léèrè ibi tí òmìnira náà wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín fún yín. Nígbà tí ẹ bá fi ohun àtijọ́ han ọmọ, bóyá ikòkò ni tàbí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tàbí aṣọ òfì, ẹ má ṣe bi í pé, Ǹjẹ́ ó lẹ́wà? kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ bi í pé, Kí ni ó ń ṣe? Èéṣe tí ẹni tó ṣe é fi ṣe é báyìí? Ọmọ tó bá mọ ìdáhùn yóò lè ṣe òmíràn tí kò jọ ọ́, tí yóò sì jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa lẹ ọ̀ṣọ́ mọ́ ara ògiri. Àwọn ọba a máa lọ, orúkọ a máa yí padà, ẹni tó sì ṣe iṣẹ́ lè di ẹni tí a lé kúrò ní ẹnu-ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ọgbọ́n tó ru ilé náà kò lọ. Ó wà nínú òkúta ní Tehran, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ òrùlé kan kọjá ní Samoa.